Irin Kan, Ihò Méjì

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ dé ilé ìwòsàn náà, òkú kan ló wà nínú yàrá ẹ̀rọ, ẹnì kan sì ń di òkú lọ lẹ́nu géètì.

Ti ẹnu géètì ló kọ́kọ́ bójú tó. Àwọn òṣìṣẹ́ ti da ọkùnrin kan dùbúlẹ̀, wọ́n ń fi bàtà, igi ìgbálẹ̀ àti ẹsẹ̀ àga lù ú bí ẹni lu ejò. Eyín rẹ̀ méjì ti wà nílẹ̀. Ẹnì kan ti gbé búlọ́ọ̀kù sókè, orí ọkùnrin náà ló sì ń wò. Abẹ́rẹ́ ò ga dé èjìká ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ó gba abẹ́ apá wọn kọjá, ó sì jókòó lé ọkùnrin náà láyà.

"Ó yá, ẹ jù ú," ó ní. "Orí tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ́."

Búlọ́ọ̀kù náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún kẹta tó wọṣẹ́, nígbà tí gbájúẹ̀ kan fojú kékeré wò ó, tó sì ti inú ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìyẹ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Orúnkún ń dùn ún, kì í sì í ní sùúrù fún ẹni tó bá ń pariwo.

"Ọ̀gá, ẹni tí à ń wá lẹ jókòó lé yẹn o," ni Sájẹ́ǹtì wí. Fìrìgbọ̀n ọkùnrin ni Sájẹ́ǹtì yìí, ọkàn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń yára gba ohun tó bá kọ́kọ́ rí gbọ́. "Agbẹ́kànga ni. Orí òkú ni wọ́n ká a mọ́, ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ìyàwó ẹ̀ kú síbí, gbogbo wọn ni wọ́n sì gbọ́ nígbà tó sọ fún Bọ̀ọ̀dá Wáyà pé òun máa fọwọ́ ara òun pa á."

"Ta ni Bọ̀ọ̀dá Wáyà?"

"Òkú tó wà nínú ilé, Ọ̀gá. Òun ló ń bójú tó íńtánẹ́ẹ̀tì wọn."

Agbẹ́kànga tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Ìyá, mi ò pa á. Mo wá bá a jà lóòótọ́, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo bá a tí orí ẹ̀ ti lu. Mo gbé e lé itan, mo ń kígbe kí wọ́n gbà mí. Ó wá sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Ọ̀kan ni méjèèjì.' Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ó wá dákẹ́."

"Irọ́ ńlá!" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, bàtà kan sì tún fò wá.

Abẹ́rẹ́ gbá bàtà náà dànù. "Ọmọ mélòó lo bí?"

"Ẹyọ kan. Obìnrin. Ọdún mẹ́fà." Ó fọwọ́ nu ètè rẹ̀ tó ti wú. "Ìyá ẹ̀ ti lọ. Èmi nìkan ló kù tó ní láyé."

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ti tẹlifóònù pé tó bá di aago márùn-ún, òun á rán ọkọ̀ wá gbé apààyàn náà lọ sí olú ilé-iṣẹ́, òun á sì fà á lé àwọn oníwèé ìròyìn lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ mọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọ ibẹ̀, tí ìhàlẹ̀ sì ti ẹnu ẹ̀ jáde níṣojú ogún èèyàn, ọmọ ẹ̀ á dàgbà kó tó tún fojú kàn án. Ó ní kí wọ́n gbé agbẹ́kànga sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tọ́jú ojú ọgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì náà kí àwọn òṣìṣẹ́ lè sinmi agbaja. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá ẹ̀rọ.

* * *

Yàrá náà kéré, ó sì tutù bíi yàrá òkú. Lọ́jọ́ yẹn, òun náà ni. Bọ̀ọ̀dá Wáyà dojú délẹ̀ níwájú pákó tí wọ́n to ẹ̀rọ sí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá dé ẹnu ilẹ̀kùn kékeré tó ṣí sí òpópónà ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ti gbá a lẹ́ẹ̀mẹta. Méjì bà á lẹ́yìn ọrùn. Ẹ̀kẹta wọlé lókè etí, ihò náà kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ.

Sájẹ́ǹtì gbé àpò agbẹ́kànga dé, ó fa díígà tó fi ń gbẹ́lẹ̀ yọ nínú ẹ̀. "Mo ti rí ohun tó fi ṣe é, Ọ̀gá."

"Mú ẹnu ẹ̀ sún mọ́ ihò yẹn kó o wò."

Sájẹ́ǹtì wò ó. Ẹnu díígà náà nípọn tó ìka ọwọ́ mẹ́ta papọ̀. Kò lè wọ ibẹ̀ láéláé.

"Wo ẹran ara tó yí ihò náà ká," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Òkè ló fà sí. Ohun tó wọlé síbí tẹ̀ lẹ́nu. Ìkọ́ ni. Ẹni tó gbá a mọ́ ọn lórí ní láti fà á kó tó lè yọ ọ́."

Sájẹ́ǹtì gbé díígà náà sílẹ̀. Ó tún tọ́ka sí orúnkún òkú náà. "Amọ̀ ńkọ́? Amọ̀ wà ní ṣòkòtò agbẹ́kànga náà."

"Ti agbẹ́kànga funfun ni, ó sì ti gbẹ. Èyí pupa, ó tutù, òórùn epo mọ́tò sì wà lára ẹ̀. Ẹ̀bá títì ni Bọ̀ọ̀dá Wáyà ti kúnlẹ̀ lónìí. Kí ló ń wá níbẹ̀?"

Nínú àpò ẹ̀wù òkú náà, ó bá téèpù méjì, pupa àti búlúù. Ti pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ó ránṣẹ́ pe Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, obìnrin kan tó ti sunkún títí ojú fi pọ́n, síbẹ̀ tí fìlà orí rẹ̀ ò wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ọdún márùn-ún."

"Dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ò sí níbí, Màdáámù. Ìlú mìíràn ló wà. Ojú ẹ̀rọ ló ti máa ń wo orí aláìsàn, á wá máa sọ ibi tí ọ̀bẹ máa gbà fún dókítà tiwa. Tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ojú ti fọ́ nìyẹn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tá a fi ń gbà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì. Wáyà ọ̀kan gba iwájú wọlé, wáyà èkejì gba ẹ̀yìn. Tí ti iwájú bá kú, ti ẹ̀yìn á gbà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ ní mọ̀."

"Lọ́jọ́ tí ìyàwó agbẹ́kànga kú ńkọ́?"

"Katakata tó ń tún títì ṣe fa wáyà já níwájú. A ní kò séwu, ẹ̀yìn wà níbẹ̀." Ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra. "Ẹ̀yìn náà kú. Lẹ́ẹ̀kan náà. Orí obìnrin náà ti là sílẹ̀, Màdáámù. Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró lé e lórí, tí dókítà wa ò mọ ibi tó máa fọwọ́ kàn."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Bọ̀ọ̀dá Wáyà ni gbogbo ayé di ẹ̀bi rù," ni Mátírọ́ọ̀nù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kò gbèjà ara ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ni pé, katakata ò dé ẹ̀yìn, kí ló wá pa ti ẹ̀yìn?"

"Téèpù yìí ńkọ́?"

"Àṣà ẹ̀ ni. Wáyà tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pupa ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n kàn sọ ọ̀nà ẹ̀ fún un, búlúù."

Abẹ́rẹ́ tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ. Wáyà méjì ló wọ inú ẹ̀rọ náà. Ti ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, pupa ló wà lára ẹ̀, ó ti gbó. Ti ilé-iṣẹ́ kejì, búlúù tó ti gbó ló wà nísàlẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ we pupa lé e lórí.

"Òní ló tọ èyí dé òpin," ó ní. "Ohun tó rí níbẹ̀ ni wọ́n fi pa á."

* * *

Ihò tí wáyà iwájú gbà wọlé wà lójú títì, níta ọgbà, ọmọrí irin ló sì bò ó. Amọ̀ pupa yí i ká, ipa orúnkún èèyàn méjì sì wà nínú ẹ̀ tó ṣì tutù. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka gbé ọmọrí náà. Kò mì.

"Àfi irin oníìkọ́," ni Bàbá Géètì wí, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé ìwòsàn náà. "Tèmi nìyẹn lára ògiri."

"Bàbá, ta lẹ yá a lónìí?"

"N ò yá ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó fúnra yín."

Abẹ́rẹ́ wò ó. Ẹ̀wù òjò ni wọ́n kọ́ lé e, aláǹtakùn sì ti ta okùn láti ẹnu ìkọ́ dé ara ògiri. Aláǹtakùn ò mọ èèyàn, kì í bá èèyàn purọ́.

"Ta ló tún ní irú ẹ̀?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Ẹnjiníà, agbaṣẹ́ṣe tó ri wáyà náà?" Bàbá Géètì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ibi tó bá ń lọ, tirẹ̀ ló fi ń tilẹ̀, bí ọba tó mú ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́. Bó ṣe ń bọ̀ yẹn. Mátírọ́ọ̀nù ló pè é."

Ọkọ̀ funfun kan dúró. Ọkùnrin gíga kan bọ́ sílẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ayọ̀ọ̀nù, omi ṣì wà nínú irun orí ẹ̀, òórùn ọṣẹ ìwẹ̀ sì ṣáájú ẹ̀ dé. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ṣófo.

"Ẹ̀yin Màdáámù, ọ̀rọ̀ yìí ba mi lọ́kàn jẹ́," ó ní, ó ń nu ojú tí kò tutù. "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo gbọ́ pé ẹ ti mú ẹni tó pa á?"

"A mú ẹnì kan. Ìgbà wo lẹ débí kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ kejì tí katakata já wáyà. Mo wá so ó."

"Òní ńkọ́?"

"Òní kẹ̀? Ọ̀nà jíjìn ni mo wà láti àárọ̀. Ìpè Mátírọ́ọ̀nù ló dá mi padà."

"Ẹ kú ìrìn o. Ẹ bá mi fi wáyà kejì hàn mí."

Ẹ̀yìn ilé ló mú wọn lọ. Àpótí kékeré kan wà lára ògiri, iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára ẹ̀, wáyà dúdú kan ti ìdí ẹ̀ wọlẹ̀. Àpáta ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, dúdú, ó le, láti ẹsẹ̀ ògiri títí dé òpin ọgbà. Alángbá kan ń yáàrùn lórí ẹ̀.

"Ibí ló gbà wọlé," ni Ẹnjiníà wí. "Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀. Ohun tó bá ṣe ti iwájú ò lè kan tibí."

"Ẹ gbẹ́ àpáta yìí?"

"Oṣù méjì gbáko, Màdáámù. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mi bó."

Abẹ́rẹ́ wo àpáta náà látòkè délẹ̀. Kò rí ojú àpá kan lára ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di wáyà náà mú níbi tó ti wọlẹ̀, ó sì fà á. Kò tiẹ̀ gba agbára. Wáyà náà yọ, kò gùn ju apá èèyàn lọ, wọ́n ti gé e ní ìdí, wọ́n fi téèpù dí ẹnu ẹ̀. Alángbá náà sá lọ.

Sájẹ́ǹtì wo wáyà tó ń fì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

"Olè!" Ẹnjiníà kígbe. "Àwọn olè ti gé e! Ẹ ò rí i?"

"Olè wo ló máa ń gé wáyà tán, táá wá jókòó dí ẹnu ẹ̀?" Abẹ́rẹ́ dìde, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. "Ó dáa náà. Bóyá olè ni. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ti iwájú. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi ṣí ọmọrí ẹ̀."

Wọ́n padà sójú títì. Ẹnjiníà lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún pa á dé.

"Ẹ má bínú. Mo gbàgbé irin mi sílé."

Bàbá Géètì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà! Ìwọ tó o mú un lọ síbi ìsìnkú bàbá rẹ!"

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ gba irin Bàbá Géètì tòun ti okùn aláǹtakùn, ó ki ìkọ́ ẹ̀ bọ ọmọrí náà, Sájẹ́ǹtì sì bá a gbé e. Páìpù kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀. Wáyà méjì ló gba inú ẹ̀ wọlé sí ilé ìwòsàn, wọ́n fara ti ara wọn bí ọkọ àti ìyàwó. Téèpù pupa wà lára ọ̀kan. Téèpù pupa tuntun wà lára èkejì.

"Ọ̀kan ni méjèèjì," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ fi àpótí oníbátìrì tan wọ́n jẹ lẹ́yìn," ni Abẹ́rẹ́ wí fún Ẹnjiníà. "Páìpù kan náà lẹ ri wáyà ilé-iṣẹ́ méjèèjì sí. Ìdí nìyẹn tí katakata kan fi pa méjèèjì, tí obìnrin kan sì kú lórí tábìlì. Bọ̀ọ̀dá Wáyà ṣí ihò yìí lónìí, ó rí ohun tẹ́ ẹ ṣe. Àmọ́ ohun tó dà mí láàmú ni pé, kí ló fi ṣí i? Irin Bàbá Géètì, aláǹtakùn ti gba ilé síbẹ̀. Irin kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó ni ín ló wà níbí lónìí, tó bá a ṣí i. Ihò tó wà nílẹ̀ yìí àti ihò tó wà lórí òkú, irin kan náà ló ṣí méjèèjì. Ẹ ti lọ wẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára. Ṣé ẹ ti wẹ irin náà?"

Ẹnjiníà yára padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ó já ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, ó sì yọ irin náà.

Sájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ dé iwájú ẹ̀. Irin náà bà á léjìká, eegun sì ró bí igi gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́. Sájẹ́ǹtì ké, ó ṣubú. Ẹnjiníà fò ó kọjá, ó gbé irin náà sókè fún orí Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ò sá sẹ́yìn. Ó tẹ̀ ba, irin náà gé afẹ́fẹ́ lókè orí ẹ̀, ó sì fi ìkọ́ irin Bàbá Géètì kọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó fà á tagbára tagbára. Ẹnjiníà fi ojú ṣubú lé etí ihò wáyà. Imú ẹ̀ fọ́. Ó tún fẹ́ dìde, Abẹ́rẹ́ sì gbá a ní ìgúnpá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbìyànjú mọ́.

Nínú kọ̀rọ̀ ìkọ́ irin tó bọ́ sílẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ò dé, fọ́nrán irun orí mẹ́ta lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú.

"Òun ló pè mí," ni Ẹnjiníà wí láàárín ẹ̀jẹ̀ imú. "Nígbà tó rí i pé wáyà ẹ̀yìn ò lọ síbi kankan, kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi ló kọ́kọ́ pè kí n wá fi irin mi ṣí ihò náà. Ó ní òun ò fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ó ní ká jọ lọ bá dókítà, òun á bá mi bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yíjú padà láti lọ..."

Abẹ́rẹ́ de ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. "Kí ló dé tẹ́ ò gbẹ́ ẹ̀yìn?"

"Àpáta ni, Màdáámù. Ta ló máa gbẹ́ àpáta yẹn?"

* * *

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí Abẹ́rẹ́ tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ agbẹ́kànga. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ojú kan ṣoṣo tó lè là lára ojú ọkùnrin náà ló fi wò ó.

"Lọ́jọ́ tá a sin ìyàwó mi, ó wá," ó ní. "Mo tutọ́ sí i lójú. Ó nù ún. Ó ní kí n fún òun láyè díẹ̀, òun máa mọ ohun tó pa á."

"Ó sì mọ̀ ọ́n."

"Orí itan mi ló kú sí. N ò tíì bẹ̀ ẹ́." Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ẹkún tó ń dun egbò ẹnu ẹ̀, kò sì ṣeé dá dúró. Abẹ́rẹ́ jókòó tì í títí ó fi tán.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, Abẹ́rẹ́ gbé ìwé wá fún Mátírọ́ọ̀nù láti fọwọ́ sí, ó sì gbọ́ tí irin ń dún lára òkúta lẹ́yìn ilé. Agbẹ́kànga ló bá níbẹ̀. Ojú ẹ̀ ṣì wú, ó ti so aṣọ mọ́ egungun ìhà tó sán, ó sì ti gbẹ́ ọ̀nà tóóró kan wọ inú àpáta náà láti ẹsẹ̀ ògiri, ó ti tó ìdajì ọgbà. Mátírọ́ọ̀nù ní kò sẹ́ni tó pè é. Ìdájí ọjọ́ kan ló kàn gbé díígà dé, tó ní kí wọ́n sọ fún ilé-iṣẹ́ kejì pé ọ̀nà wọn máa yọ lọ́jọ́ Ẹtì.

"Ìyá," ó ní, láìgbé ojú sókè, "àwọ̀ wo ni wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá Wáyà máa ń lẹ̀ mọ́ wáyà tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ tọ̀ dé òpin?"

"Pupa."

"Ẹ bá mi gba ìyókù téèpù ẹ̀ lọ́wọ́ wọn." Ó tún gbé díígà sókè. "Èmi ni mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn."